Ta Ló Kọ́ Akíndúró ní Màmá-ń-sùn?

Láàárọ̀ Sọ́ńdè tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ràn Akíndúró débi pé bó bá ń jẹun, èmi a máa wo bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìfẹ́ ò tíì bá jà rí ni kò ní mọ ìdí tí ọmọbìnrin tó gbọ́n fi lè dúró nídìí síǹkì, kó máa fọ ife kan ṣoṣo ní àfọ̀túnfọ̀, nítorí pé olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn náà sì ń ṣàn lé e lẹ́yìn bí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́.

Yìnyín ń yọ́ lójú wíńdò ilé tí èmi àti Bíọ́lá jọ rẹ́ńtì ní Scarborough, nínú ìlú Toronto. Mo ti gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, mo gún ata rodo díẹ̀ mọ́ ọn, mo po ẹyin, mo ri búrẹ́dì sínú rẹ̀, mo sì dín in títí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi pọ́n. Oúnjẹ àárọ̀ tí kò ní wàhálà, tí ọmọdé lè sè. Akíndúró bu èkíní jẹ, ó dijú, ó mi orí.

"Olúwa ò! Màmá-ń-sùn tòní yìí tún yàtọ̀."

Ẹ̀rín wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà jáde.

Bíọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lo pè é?"

"Màmá-ń-sùn." Ó tún bu òmíràn, àmọ́ mo rí i tí jíjẹ rẹ̀ falẹ̀. "Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn?"

"Níbo? Àwọn ta ni?" Bíọ́lá kò lè rí ọ̀rọ̀ kó fi sílẹ̀. "Ọmọ Èkó ni mí, tósìtì la mọ̀ ọ́n sí, kò lórúkọ méjì. Ìyá màmá mi ní Ìjẹ̀bú ń pè é ní rì-í-sẹ́yin. Ìwọ fúnra ẹ, ọjọ́ tó o kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níbí, o ní búrẹ́dì aláṣọ ni wọ́n ń pè é nílé yín ní Oǹdó. Ṣebí a fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí? Mo ní ṣé búrẹ́dì yín fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìgbà wo ló wá di Màmá-ń-sùn?"

"Ah, Bíọ́lá, abeg. Mo gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní wíáhaùsì tá a ti ń kó ẹrù." Ó gbé tíì gbígbóná mu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jó o lẹ́nu. Kò wo ojú mi.

Mo yí padà sí síǹkì. Mo tún mú ife kan ṣoṣo yẹn, mo ń fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bíọ́lá ò mọ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti Oǹdó, kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ti ìlú kankan lábẹ́ ọ̀run. Ilé kan ṣoṣo ló ni ín, ilé wa ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni Màmá mi, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Bí wọ́n bá ti dé láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n sùn, Daddy á kó wa wọ kíṣìnì, á ti ilẹ̀kùn, á máa po ẹyin bí ẹni ń jalè. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rẹ́rìn-ín sókè, á fi ìka sẹ́nu: "Ṣṣṣ. Màmá ń sùn." Bí a ṣe sọ oúnjẹ náà lórúkọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà Daddy wá sí Canada, kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ó kọ́kọ́ ń pè wá lójoojúmọ́. Ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó di ọdún tuntun sí ọdún tuntun. Ó di pé kò pè mọ́. Láti ọjọ́ tí Màmá ti yí nọ́ńbà fóònù wọn padà ni a ò ti dárúkọ oúnjẹ yẹn mọ́ nínú ilé. Mo ṣì ń dín in, búrẹ́dì ẹlẹ́yin ni mo máa ń pè é. Mo ti sọ fún Akíndúró pé bàbá mi lọ, kò padà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn? Mi ò sọ ọ́ fún un rí, kódà nínú àwọn òru tí a fi fóònù sétí títí tí oorun fi gbé wa lọ.

Ta ló wá sọ ọ́ fún un?

Ìdí tí àyà mi fi ń já ni pé kò sí àyè mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde ni àwọn ẹbí Akíndúró máa ti Oǹdó wá sí ilé wa n'Íbàdàn fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ̀gbọ́n Màmá mi ni wọ́n ti bẹ̀ pé kó dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá fún mi. Bí n bá fẹ́ sọ pé mi ò ṣe mọ́, kí n yáa sọ ọ́ kí àwọn àgbà tó wọ mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtìjú ìyá mi ni.

Bí Akíndúró ṣe jáde ni mo pe Màmá.

"Màmá, ṣé ẹ ti bá Akíndúró sọ̀rọ̀ láìpẹ́?"

"Ó pè mí lọ́jọ́sí. Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi bí ẹni pé òun ni mo bí. Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ sọ orúkọ tí Daddy ń pe búrẹ́dì ẹlẹ́yin fún un?"

Mo ń gbọ́ fáànù tó ń yí nínú pálọ̀ wa.

"Oyíndà, orúkọ yẹn ò ti ẹnu mi jáde látọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò ní padà. Ta ló pè é?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo kàn rántí ni."

"Irọ́ lò ń pa. Èmi ni mo bí ẹ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Gbọ́. Ọkùnrin tó bá mọ ohun tí o ò sọ fún un, ẹnì kan ló sọ ọ́ fún un. Wá ẹni yẹn rí kí àwọn èèyàn ẹ̀ tó dé ilé mi."

Láti ìgbà yẹn, ojú tí mo fi ń wo ìfẹ́ mi yí padà. Gbogbo ohun tó dà bí oyin lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n tọ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Kí nìdí tí kì í fi í gbé fóònù láàárọ̀ Sátidé? Ó ní ofataìmù ni, iṣẹ́ àfikún, ní wíáhaùsì wọn ní Milton, ìlú tóun náà ń gbé. Mo tún gbọ́ ohùn tó fi ránṣẹ́ ní Sátidé tó kọjá: "Ọkàn mi, mo ti wà nínú tréènì, mo ń padà lọ sí Milton." Mo gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ̀ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ibi tó ti pè mí ní ọkàn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́; mi ò bi ara mi pé ibo ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Milton ti ń padà lọ sí Milton. Níbi iṣẹ́ mi, ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo bi Fọlákẹ́mi tó ń gbé Milton léèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn.

"Tréènì Milton ní Sátidé?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ta ló purọ́ fún ẹ? Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni tréènì yẹn ń gbé, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ní wíkẹ́ńdì, bọ́ọ̀sì là ń wọ̀, bí wèrè."

Nítorí náà, tréènì kan gbé olólùfẹ́ mi ní Sátidé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Milton.

Mo jókòó, mo ronú. Nínú gbogbo Toronto àti agbègbè rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló mọ orúkọ oúnjẹ yẹn yàtọ̀ sí èmi: Sister Shukurat, ọmọ àbúrò bàbá mi. Ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Àdó ló gbé nígbà tó ń lọ sí ilé ìwé. Ó dáa lọ́mọge, ehín iwájú rẹ̀ ní èjì, kò sì tíì lọ́kọ. Pickering ló ń gbé, ibi tí tréènì ń lọ ní Sátidé àti ní Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Fúráìdè tí mo ní ọ́ọ̀fù, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàtà ọkùnrin ńlá kan wà lórí ẹní ìnusẹ̀. Mo wò ó títí.

"Sister Shukurat, bàtà ta nìyẹn?"

"Tèmi. Òun ni mo fi ń kó snow. Ṣé o ò ní kí mi ni?"

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo dìde kíá. "Ẹ káàsán, ma. Ìgbà wo lẹ rí Akíndúró gbẹ̀yìn?"

"Akíndúró tìẹ? Ọjọ́ tó o mú un wá kí mi ni. Ó jẹ ẹran mi tán, kò fọ abọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ò… ẹ ò fún un lóúnjẹ àárọ̀ rí?"

Ó wò mí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó ju aṣọ ìnuwọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn? O wọ tréènì láti Scarborough wá bi mí bóyá mo ń gba ọkọ ẹ? Ìwọ tí mo pọ̀n, tó o tọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

"Ẹ má bínú, ma, mo kàn ní kí n…"

"Má pè mí ní ma! Ẹni tó ń pe èèyàn lólè, tó tún ń fi 'ma' sí i! Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ jí ọkọ ọlọ́kọ, ṣé ẹni tó ń wọ ṣòkòtò kúkúrú kiri nínú òtútù ni màá jí? Jókòó jàre. Sọ bó ṣe jẹ́."

Mo sọ fún un. Inú ti ń bí i lọ́wọ́, síbẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ oúnjẹ náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Háà! Ṣé o mọ̀ pé orúkọ yẹn jẹ mí níyà? Nílé wa n'Ílọrin, búrẹ́dì wàrà ni Màmá mi ń pè é, torí mílíìkì tí wọ́n máa ń dà sí ẹyin. Mo ti ọ̀dọ̀ yín dé fún họ́lídè, mo ní, 'Màmá, ẹ ṣe Màmá-ń-sùn fún wa.' Wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní àwọn ò sùn, ojú àwọn là kedere, ta ni mo rò pé ó ń fọ aṣọ mi?" Ó nu ojú. Ẹ̀rín náà rá díẹ̀díẹ̀. "Oyíndà. Èmi ò sọ ọ́ fún ọkùnrin yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Màmá náà ní àwọn ò sọ ọ́."

"Jùwọ́n àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Jùwọ́n ò tíì rìn nígbà tí Daddy lọ. Kò mọ̀ ọ́n rárá."

A wo ara wa. Ẹni kan ṣoṣo ló kù, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀," ni mo sọ.

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé kò sí location Akíndúró lórí fóònù ẹ ni?"

Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí yìnyín pọ̀ ní January, tó ń fi mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ wakọ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa rí ibi tó wà lórí fóònù mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò tíì pa á. Èmi náà ò sì wò ó mọ́, nítorí pé mo fọkàn tán an. Mo sun ilé Sister Shukurat lálẹ́ yẹn, bí ẹ bá lè pè é ní oorun. Akíndúró fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ofataìmù lọ́la, baby. Máa lá àlá mi." Mi ò dáhùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, a jọ tẹjú mọ́ fóònù. Àmì kékeré náà kúrò ní Milton, ó kọjá àárín ìlú, ó kọjá Scarborough, ó kọjá wa ní Pickering níbi tá a jókòó sí, kò yà. Ó dúró sí Whitby, ìlú kan tó wà níwájú.

"Wọ kóòtù ẹ," ni Sister Shukurat sọ.

Sister Shukurat ń wakọ̀ lórí 401, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Whitby. Mo ń ro obìnrin tí màá bá níbẹ̀. Mo fún un ní àwọ̀, mo fún un ní irun, mo fún un ní aṣọ orun tó dáa ju tèmi lọ. Ó sàn fún mi láti máa ro obìnrin yẹn ju kí n máa ro ẹni kejì lọ.

Ilé tuntun ló kún àdúgbò náà, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, o ò lè mọ èyí tí o ti wá rí. Ibi tí àmì náà wà, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bésìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wíńdò pẹlẹbẹ kan wà nítòsí ilẹ̀, èéfín omi ti bò ó, wọ́n ṣí i díẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà nínú òróró ń jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín Akíndúró, ẹ̀rín tí mo rò pé èmi nìkan ló ni ín.

Ẹnì kan sì dá a lẹ́kun.

"Ṣṣṣ. Rọra. Onílé ń sùn lókè."

Ohùn ọkùnrin ni. Ó ti gbó díẹ̀, ó ti há. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo mọ̀ láyé yìí tó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyẹn tó bá ń dín nǹkan. Sister Shukurat di apá mi mú. Mo já ara mi gbà, mo kan ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá.

Akíndúró ló ṣí i, fọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Oyíndà…"

"Kúrò lọ́nà."

Daddy wà nídìí sítóòfù. Irun wọn ti funfun, wọ́n ti rù, wọ́n wọ súwẹ́tà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti já. Wọ́n pa iná kí wọ́n tó yíjú, bí ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀.

"Oyíndàmọ́lá," ni wọ́n sọ.

Orúnkún mi mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo ní kó dúró. Lẹ́yìn mi, Sister Shukurat ti kúnlẹ̀, ó ń sunkún: "Uncle! Ẹ wà láyé! Màmá mi ń fi orúkọ yín gbàdúrà lójoojúmọ́!"

"Ẹ wà ní Whitby," ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. "Ibi tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá."

"Ojú tì mí," ni wọ́n dáhùn. Wọn ò wá àwáwí. "Ìwé ìgbélùú ò tètè dáa. Iṣẹ́ ò dúró. Mo ní kí n di èèyàn díẹ̀ kí n tó pè yín. Ọdún kan ń gun orí ọdún kan. Nígbà tí ìwé wá dáa, ohùn tí màá fi pe ìyá yín ni mi ò rí mọ́."

Mo yíjú sí Akíndúró. Òun gan-an ni mo wá bá.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wíáhaùsì wa ni mo ti pàdé wọn," ó ní. "Orúkọ wọn wà lára báàjì tí wọ́n fi sáyà: Akínrẹ̀mí, bíi tìẹ. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọmọ tó ń jẹ́ Oyíndà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti wá sí wíáhaùsì ti Whitby báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá kí wọn. Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n bẹ̀ mí, Oyíndà. Bàbá ìyàwó mi dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Báwo ni màá ṣe kọ̀ fún wọn?"

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́," ni Daddy sọ. "Má bínú sí i."

"Ẹ ò ní sọ ẹni tí màá bínú sí fún mi."

Ohùn mi ròkè. Ẹnì kan kan ilẹ̀ lókè orí wa. Mo mú fóònù, mo pe Màmá, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e, mo na fóònù sí bàbá mi. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ súwẹ́tà kí wọ́n tó gbà á.

"Ìyá Oyíndà," ni wọ́n sọ.

Mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà, Màmá sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì tutù bí ìgbà tí wọ́n ń bá aláìsàn tó ya aláìgbọràn sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó jọ̀ọ́ kó gbé fóònù fún ọmọ mi."

Daddy gbé e fún mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Oyíndà, ṣé òun lo bá níbẹ̀?"

"Òun ni, Màmá."

"Mo ti ń fura látọjọ́ Sọ́ńdè. Ṣé ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ yẹn ló fi í pamọ́ fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tèmi àti ti ọkùnrin yẹn lè dúró. Mú ọmọ yẹn síta, kó o bi í ní ìbéèrè kan. Ẹni tó lè gbé odindi bàbá èèyàn pamọ́, kí ló tún wà lápò ẹ̀?"

Mo jáde. Akíndúró tẹ̀ lé mi láìwọ kóòtù. Sister Shukurat ti wà nínú ọkọ̀, ó ti ṣíná sí i, ó ń díbọ́n pé òun ò wò wá. Mo fún Akíndúró ní ìbéèrè Màmá bí wọ́n ṣe fún mi. Ẹnu rẹ̀ ń yọ èéfín nínú òtútù.

"Bàbá mi," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò ní gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá nígbà tí bàbá ọmọ wà láàyè. Wọ́n ní bí kò bá sí bàbá, àwọn ò lọ. Mi ò sọ fún ẹ torí mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́. Nígbà tí mo wá rí Daddy, mo sọ fún bàbá mi pé a ti rí wọn, àti pé gbogbo ilé yín ti gbọ́, inú yín dùn, Daddy máa yọjú lórí fóònù lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

"Lójú Màmá mi? Láàárín àlejò?"

Ó tẹrí ba.

Nínú ọkàn mi, mo rí ìyá mi lórí àga, tí àwọn ará Oǹdó yí wọn ká, tí ojú ọkùnrin yẹn ń yọ nínú fóònù bí òkú tó jí. Mo fẹ́ràn Akíndúró síbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

"Pè wọ́n," ni mo sọ.

"Ta ni?"

"Bàbá ẹ. Báyìí. Kí n máa gbọ́."

Ó pè wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín." Ó sọ gbogbo ẹ̀, kò dín, kò fi ata sí i. Mo ń wo ètè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bú u ní Yorùbá Oǹdó tí mi ò gbọ́ tán, ṣùgbọ́n èébú kì í ní ìtumọ̀ méjì. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo gba fóònù.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni Oyíndà."

"Ìyàwó wa. Pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ yìí ti dójú tì mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ bẹ Màmá mi fúnra ẹ̀, lójúkojú. Bí Màmá mi bá gbà, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ta ló máa wá dúró bíi bàbá lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n Màmá mi ni, sà. Àwọn tó wà nílé ló máa dúró."

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n wúkọ́. "Ó dáa," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Ó dáa, ọmọ mi. Èmi náà ní láti ro ó."

Mo dá fóònù padà fún Akíndúró. Etí rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. Ó fẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó rò ó, kò dì í mú.

"Àwa méjèèjì ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀. Wọlé sẹ́yìn ọkọ̀."

Ó wọlé sẹ́yìn. Mo jókòó síwájú. Nígbà tí a dé orí 401, mo na ọwọ́, mo yí dígí tó wà lókè lórí wa sí ọ̀dọ̀ mi, títí tí mo fi rí ojú rẹ̀ dáadáa, ojú àti ẹnu.

"Oyíndà! Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ẹ̀yìn?" ni Sister Shukurat pariwo.

"Ẹ máa lo ti ẹ̀gbẹ́, ma," ni mo sọ. "Ẹ̀yìn yẹn, èmi ni mo ń wò ó."